Ìwé-Ẹ̀rí Kì Í Lúwẹ̀ẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn nílẹ̀ láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn tí ó sì ń sọ ọ́ kì í ṣe ènìyàn yẹpẹrẹ. Wọ́n ní ohun tí ó fà á tí omi fi ń gbé wa lọ, tí iná fi ń jó ọjà wa, tí ọkọ̀ sì fi ń dojú dé lórí odò, ni pé àwọn tí a fi ṣe olórí ìṣàkóso pàjáwìrì kò ní ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ náà lọ́wọ́. Wọ́n ní bí gbogbo ọ̀gá tí ó wà ní èbúté, ní ilé-iṣẹ́ panápaná àti ní àjọ ìrànwọ́ pàjáwìrì bá lè jókòó ṣe ìdánwò tí àwọn ẹgbẹ́ òkè òkun ń ṣe, kí wọ́n sì gba lẹ́tà mẹ́ta tí a ń tò sẹ́yìn orúkọ, gbogbo rẹ̀ yóò tùbà yóò tùṣẹ. Èmi kò gbà. Mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka yìí gbọ́ ìdí tí n kò fi gbà, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ti rò lọ.

Kí a má baà bu ẹnu àtẹ́ lu ohun tí a kò yẹ̀ wò, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ìwé-ẹ̀rí náà jẹ́. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ni èyí tí Ẹgbẹ́ Àwọn Aṣàkóso Pàjáwìrì Lágbàáyé, tí wọ́n ń pè ní IAEM, tí ibùdó rẹ̀ sì wà ní Amẹ́ríkà, ń fún ni. CEM ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ti lo ọdún 3 lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ó gbọ́dọ̀ ti kópa nínú ìdánrawò ńlá tàbí nínú pàjáwìrì gidi. Ó gbọ́dọ̀ ti gba ẹ̀kọ́ wákàtí 100 lórí ìṣàkóso pàjáwìrì àti wákàtí 100 mìíràn lórí ìṣàkóso gbogbogbòò. Ó gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé òun ti ṣe ohun 6 tí ó mú iṣẹ́ náà tẹ̀ síwájú. Yóò kọ àròkọ. Yóò sì dáhùn ìbéèrè 100 láàrin wákàtí 2. Lẹ́yìn ọdún 5, ìwé-ẹ̀rí náà kú, àfi bí onítọ̀hún bá tún fi hàn pé òun kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ta ni yóò sọ pé nǹkan wọ̀nyí kò dára? Ẹni tí ó bá là á já ti ṣiṣẹ́. Ohun tí a ń jiyàn lé lórí kì í ṣe bóyá ìwé-ẹ̀rí náà dára, bí kò ṣe bóyá àìní rẹ̀ ni ó ń pa wá.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí èbúté odò tí ó wà ní Onitsha, ní Ìpínlẹ̀ Anambra, nítorí pé níbẹ̀ ni ìhòòhò ọ̀rọ̀ náà ti hàn jù lọ. Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni ìwé ìròyìn ẹ̀ka èdè Yorùbá ń wá lọ sí ilẹ̀ Ìgbò. Èsì mi kò gùn. Odò tí ó ń ṣàn níwájú Onitsha, Odò Ọya ni àwa ń pè é. Omi tí ó gba abẹ́ afárá Jẹ́bbà kọjá, tí ó sì pàdé odò Benue ní Lọ́kọ́jà, òun kan náà ni ó ń dé ibẹ̀. Àwọn ènìyàn wa ń ná ọjà Onitsha, wọ́n sì ń sùn níbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, kò sí àléébù kan tí mo fẹ́ sọ nípa Onitsha tí kò sí ní ẹnu ọ̀nà tiwa, bí ẹ ó ti rí i láìpẹ́.

Ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari ni ó ṣí èbúté náà ní 1983. Lẹ́yìn èyí ó dùbúlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún bí ẹni tí àìsàn dá gúnlẹ̀, kí wọ́n tó tún un ṣe, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan sì wá ṣí i lẹ́ẹ̀kejì ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 2012. Àjọ NIWA, tí òfin ọdún 1997 dá sílẹ̀, tí ó sì fi Lọ́kọ́jà ṣe ibùjókòó, ni ó ń mójú tó o. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbé ẹrù wà níbẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí wà níbẹ̀. Ògiri yí i ká. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn ayẹyẹ ìṣíde náà ni ìkún omi 2012 dé, èyí tí ó pa ènìyàn 363 káàkiri Nàìjíríà, tí ó sì lé nǹkan bí ènìyàn 2,100,000 kúrò nílé wọn. Èbúté titun ni wọ́n bá lẹ́nu, omi àtijọ́ ni ó wọlé.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí a kíyè sí ni pé àwọn tí odò ń pa kì í gba géètì èbúté náà wọlé. Etí omi lẹ́bàá ọjà ni wọ́n ti ń wọkọ̀, níbi tí pákó kan ṣoṣo ti so ọkọ̀ pọ̀ mọ́ ilẹ̀, tí obìnrin tí ó ń kó iṣu bọ̀ láti apá Anam tàbí tí ó ń kó ẹja bọ̀ láti Ogbaru ti ń bá atukọ̀ du owó ọkọ̀. Bí a bá fún ọ̀gá tí ó wà nínú ògiri ní ìwé-ẹ̀rí mẹ́wàá, ta ni ó gbà á fún? Obìnrin náà kò rí i rí. Atukọ̀ kò mọ orúkọ rẹ̀. Alábàárù tí ó gbé àpò sìmẹ́ńtì lé orí ọkọ̀ tí ó ti kún tẹ́lẹ̀ kò gbọ́ èdè tí a fi ṣe ìdánwò náà.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 2019, ọkọ̀ agbépo kan ṣubú nítòsí ọjà Ochanja ní Onitsha. Epo bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn lọ lójú gọ́tà, iná sì ràn mọ́ ọn. Ilé jó, ìsọ̀ jó, ẹrù tí ènìyàn fi gbogbo ayé kó jọ di eérú. Ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kú. Àwọn oníṣòwò kérora pé àwọn panápaná pẹ́ kí wọ́n tó dé, àti pé nígbà tí wọ́n dé, wọn kò ní omi tí ó tó pa iná. Wọ́n ní ìrànwọ́ láti Asaba, ní òdìkejì odò, ni àwọn fojú sọ́nà fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú tí odò tí ó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń ṣàn níwájú rẹ̀ lọ́sàn-án lóru, omi ni àwọn ará ibẹ̀ ń sọ pé àwọn kò rí pa iná. Èwo nínú ìbéèrè 100 náà ni ó ń kọ́ ènìyàn pé kí ó rọ omi sínú ọkọ̀ panápaná láàárọ̀? Kò sí, nítorí pé àwọn tí ó ṣe ìdánwò náà gbà pé ẹni tí ó bá jókòó ṣe é ti rọ omi sínú ọkọ̀ tirẹ̀ kí ó tó kúrò nílé.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2022, ọkọ̀ ojú omi kan dojú dé ní Ogbaru, ìjọba ìbílẹ̀ tí ó bá Onitsha pààlà ní ìsàlẹ̀ odò. Omi ti bo ilé àti ọ̀nà nígbà náà. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ó kù tí ènìyàn lè fi rìn. Ìròyìn tí ó jáde ni pé ènìyàn 85 ni ó wà nínú rẹ̀. Ènìyàn 76 ni ìjọba kéde pé ó kú. Omi náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ ìdóòlà fi di ewu fún àwọn adóòlà fúnra wọn, tí àjọ NEMA fi ní láti bẹ àwọn ọmọ ogun òfurufú pé kí wọ́n fi hẹlikópítà ràn wọ́n lọ́wọ́. N kò dá NEMA lẹ́bi lórí èyí. Ẹni tí hẹlikópítà fẹ́ gbà là nínú odò tí ó kún, ó ti bọ́ sọ́wọ́ ikú kí a tó gbé e fò. Bí a bá fẹ́ gbà á là, ẹni tí yóò gbà á ni ẹni tí ó ka èrò kí ọkọ̀ tó ṣí, tí ó sì sọ pé, “Ó tó. Ìyókù, ẹ sọ̀ kalẹ̀.” Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò oyè yunifásítì. Ó nílò kí a kọ́ ọ, kí a dán an wò, kí a fún un ní àṣẹ, kí a sì dáàbò bò ó lọ́wọ́ èrò tí yóò fẹ́ gbá a létí.

Òfin kò wọ́n wa. Òfin ti wà pé ẹ̀wù tí í mú ènìyàn léfòó ṣe dandan, pé a kò gbọdọ̀ kó èrò kọjá iye, pé a kò gbọdọ̀ rin odò lóru. Síbẹ̀ ní òru mọ́jú ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, lórí Odò Ọya kan náà, ní agbègbè Pátígì ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ọkọ̀ tí ó ń kó àwọn tí ó ń ti ibi ìgbéyàwó bọ̀ fọ́, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí odò gbé lọ. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹjọ́ Onitsha nìkan ni mo ń rò.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìkún omi, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni àwa tí a ń fi èdè ṣiṣẹ́ ti jẹ̀bi. Omi tí ó ń ba Onitsha jẹ́ kì í ṣe àlejò òjijì. Apá kan rẹ̀ ń bọ̀ láti odò Benue, tí orílẹ̀-èdè Cameroon ti dí ní Lagdo láti 1982. Nígbà tí wọ́n bá tú omi sílẹ̀ níbẹ̀, yóò rin ọ̀nà jíjìn gba Yola àti Makurdi kọjá, yóò dé Lọ́kọ́jà, kí ó tó kan Onitsha. Ọjọ́ púpọ̀ ni. (Ọ̀rọ̀ ìdídò Dasin Hausa, tí Nàìjíríà ì bá ti ṣe láti gba omi náà dúró, ọjọ́ mìíràn ni a ó jókòó lé e, ó lè sọ àròkọ di èébú.) Àjọ NIHSA, tí ń ṣèwádìí omi ilẹ̀ wa, ń tẹ àsọtẹ́lẹ̀ ìkún omi jáde lọ́dọọdún. Ti ọdún 2022 jáde kí òjò tó pọ̀. Ó lé ní 600 ènìyàn tí ìkún omi ọdún náà pa ní Nàìjíríà. Àsọtẹ́lẹ̀ náà dé àwọn ọ́fíìsì, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ tí a kun ní àwọ̀ pupa àti ọsàn. Báwo ni ó ṣe dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó tí ó ń gbé Ogbaru? Èdè wo ni a fi sọ fún un pé kí ó kó ewúrẹ́ rẹ̀ lọ sórí òkè ní ọjọ́ báyìí, kí ó má dúró di ìgbà tí omi bá dé orúnkún?

Àwọn kan yóò sọ pé ìmọ̀ ni mò ń bá jà, pé èmi ni mo fẹ́ kí a padà sí ayé àtijọ́. Irọ́ gbuu ni. Mo gbà pé kí ọ̀gá èbúté kàwé. Inú mi dùn pé NEMA, láti ìgbà tí òfin 1999 ti dá a sílẹ̀, bá àwọn yunifásítì bí ti Ìbàdàn ṣiṣẹ́ pọ̀ láti dá ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ lórí àjálù. Ohun tí mo ń bá jà ni àṣà wa tí í gba èèpo, tí í ju iṣu nù. Ẹ padà wo ìwé-ẹ̀rí tí mo ṣàlàyé lókè. Ohun tí ó níye lórí nínú rẹ̀ ni ọdún 3 lẹ́nu iṣẹ́, ìdánrawò ńlá, àti ikú tí ń pa á lẹ́yìn ọdún 5. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn gan-an ni a kì í fẹ́. Àwọn ẹni wa a máa wá ọ̀nà àbùjá: oyè kékeré kan wà lára ti ẹgbẹ́ náà, AEM, tí kò béèrè ìrírí, òun ni wọn ó sáré lọ gbà, àwọn mìíràn a sì lọ jókòó ọjọ́ méjì ní hòtẹ́ẹ̀lì, wọn a jẹ ìrẹsì, wọn a ya fọ́tò, wọn a gba bébà tí a fi góòlù yí etí rẹ̀ ká láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Bébà ti CEM gidi àti bébà ti hòtẹ́ẹ̀lì wá wà lára ògiri kan náà. Gbogbo aláǹgbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Àwa tí a ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kò sì lè ṣe bí ẹni pé a kò mọ àìsàn yìí. A ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tí kò lè dúró níwájú ọmọ ogún kí ó sọ̀rọ̀ tí wọn yóò gbọ́.

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ń gba ẹ̀mí là, ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí a ti gbà á là. Ní 1970, ìjì líle láti orí òkun pa ènìyàn tí ó tó 300,000, bóyá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bangladesh lónìí. Nígbà tí ilẹ̀ náà gba òmìnira tán, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ ní 1972 pẹ̀lú ìrànwọ́ ẹgbẹ́ Red Cross. Àwọn ará abúlé ni wọ́n kó jọ, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí wọ́n kọ́ ní èdè wọn bí a ti ń gbé àsíá ìkìlọ̀ sókè, bí a ti ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kígbe láti ojúlé dé ojúlé, bí a ti ń kó arúgbó lọ sí ilé ààbò. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni wọ̀nyí ti lé ní 70,000 báyìí. Nígbà tí ìjì líle Sidr dé ní 2007, nǹkan bí ènìyàn 3,400 ni ó kú. Ẹ̀mí 3,400 kì í ṣe ohun kékeré, ṣùgbọ́n ẹ fi í wé 300,000. Kì í ṣe lẹ́tà mẹ́ta lẹ́yìn orúkọ ni ó ṣe èyí.

Èyí tí ó wú mi lórí jù, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ alohùn há sórí, ni ti erékùṣù Simeulue ní Indonesia. Ní 1907, òkun ru sókè níbẹ̀ ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn tí ó kù fún ohun náà ní orúkọ: smong. Wọ́n fi í ṣe ìtàn, wọ́n fi í ṣe orin, wọ́n fi í rẹ ọmọ: bí ilẹ̀ bá mì tìtì, tí òkun sì fà sẹ́yìn, má ṣe dúró kó ẹja, sá gun òkè. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2004, lẹ́yìn ọdún 97, ilẹ̀ mì, òkun fà sẹ́yìn. Ẹnìkan kígbe smong, gbogbo erékùṣù gun òkè. Nínú nǹkan bí ènìyàn 78,000 tí ó wà níbẹ̀, 7 ni ó kú. Ní Aceh tí ó wà nítòsí, àwọn tí ó kú lé ní 100,000. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà Simeulue tí ó gba CEM. Ohun tí wọ́n ní ni ọ̀rọ̀ kan ní èdè abínibí wọn, àti àṣà tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú.

Ǹjẹ́ àwa ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀? A ní orúkọ, Omíyalé, tí Ìbàdàn fi ń pe ìkún omi. A fi odò Ògùnpa ṣe ìtàn títí a fi sú. Síbẹ̀ ẹ̀kọ́ wo ni ó wà nínú ìtàn tí à ń sọ? Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, Ògùnpa kún, ó sì pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn. A ṣọ̀fọ̀, a kọrin, a sọ ọ́ di ohun ìgbà àtijọ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún gba ìlú kan náà, ó tún pa àwọn ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún, ní àwọn ibi tí a ti tún kọ́lé sí etí odò. Orúkọ wà lẹ́nu, ìmọ̀ràn kò sí nínú rẹ̀. Omíyalé wa ń sọ ohun tí omi ṣe. Smong tiwọn ń sọ ohun tí ènìyàn yóò ṣe. Ìyàtọ̀ náà tóbi púpọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ti Èkó. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002, àwọn ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè Ìkẹjà. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí a gbà pé ó kú, ṣùgbọ́n bọ́ǹbù kọ́ ni ó pa ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n sáré lóru, wọn kò mọ ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n sì já sínú odò tí wọ́n gbẹ́ ní Òkè-Àfá. Ewéko ti bo ojú omi náà. Wọ́n rò pé ilẹ̀ ni. Àwọn ọmọdé ni ó pọ̀ jù. Ká ní ẹnìkan dúró níbẹ̀ pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì, tí ó ń kígbe ní èdè tí gbogbo wọn gbọ́ pé, “Ẹ yà! Omi ni!”, èwo ni ì bá ṣe ìgbàlà nínú igbe yẹn àti gbogbo ìwé-ẹ̀rí tí ó wà ní Àbújá?

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè fún Onitsha nìyí, kò sì ṣòro. Kí a gbé ìdánwò kúrò lórí tábìlì, kí a gbé e lọ sí etí omi. Kí a ṣe é ní èdè Ìgbò. Kí atukọ̀ tí ó bá fẹ́ kó èrò láti Onitsha fi ojú hàn wá pé òun lè ka èrò sókè kí ọkọ̀ tó ṣí, pé òun lè wọ ẹ̀wù ìléfòó fún ọmọ ọdún mẹ́ta tí ń ké, pé òun lè dá ọkọ̀ dúró bí ẹ́ńjìnnì bá kú láàrin odò, pé òun lè ju okùn kí ó bá ọwọ́ ẹni tí ń rì. Ẹni tí kò bá yege, kí ó máa kó iṣu, kí ó má kó ènìyàn. Kí ìwé-ẹ̀rí náà máa kú ní gbogbo oṣù keje, kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí kún, kí atukọ̀ sì tún un gbà lójú odò. Kí a kọ iye èrò sára ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà gàdàgbà tí obìnrin ọlọ́jà lè tọ́ka sí. Kí àwọn olórí ọjà máa wo bí ọkọ̀ panápaná ti ń tú omi jáde láràárọ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn rí i. Ní ti ọ̀gá èbúté, bí ó bá fẹ́ CEM, kí ó lọ gbà á. Ṣùgbọ́n kí ìjọba má ṣe fi owó dọ́là rán an lọ títí àwọn atukọ̀ tí ó wà ní sàkání rẹ̀ yóò fi yege. Lẹ́yìn náà yóò ní ohun 6 tí yóò fi hàn àwọn ará Amẹ́ríkà, kò sì ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá wọn.

Èwo ni tiwa níbẹ̀? Ó pọ̀. Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní ẹ̀kọ́ máa ń mọ̀ ọ́n jù. Àwọn àgbà wa kò sì sùn: wọ́n jókòó, wọ́n ṣe Èdè-Ìperí Yorùbá, tí a fi lè sọ̀rọ̀ gírámà àti lítíréṣọ̀ láìyá ọ̀rọ̀. Èwo ni èdè-ìperí pàjáwìrì? A ń fi “ewu”, “jàǹbá” àti “àjálù” sí ipò ara wọn bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan. Odò tí ó kún jẹ́ ewu. Àìmúra sílẹ̀ ni ó ń sọ ewu di àjálù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa kò bá lè ya méjèèjì sọ́tọ̀ ní Yorùbá, kò lè ṣàlàyé fún baálẹ̀ ìdí tí kò fi yẹ kí ó máa sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni gbogbo rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ̀ka yìí kọ ìwé kékeré kan lórí omi, iná àti ọkọ̀ ojú omi, ní Yorùbá tí ará Ẹ̀pẹ́ àti ará Ìbàdàn yóò gbọ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì mú un dání nígbà tí wọ́n bá lọ fún ìdánrawò ẹ̀kọ́ kíkọ́. Kí a kọ̀wé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka èdè Ìgbò ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Nwafor Orizu ní Nsugbe, tí kò jìnnà sí Onitsha, kí a ní, “Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe é, ẹ̀yin ní Ìgbò, àwa ní Yorùbá.” Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò bèèrè bóyá a ó gba ìwé-ẹ̀rí fún iṣẹ́ náà. A kò ní gbà á.

Àárín oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá ni omi máa ń ga jù lọ ní Onitsha. Ojú ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́, lórí ohun tí èrò gbọ́dọ̀ wò kí ó tó fẹsẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, ni mo ti kọ. Ó wà lórí tábìlì ní ọ́fíìsì ẹ̀ka wa. Kí ẹni tí ó bá dàgbà sí etí odò nínú yín wá kà á, kí ó sì fi báírò pupa fa ìlà sí ibi tí n kò ti mọ ohun tí mò ń sọ.